Ìpele Dọ́mì Nínú Kéèkì Ìgbéyàwó: Èló Ló Yẹ Ká San, Èló Ló Yẹ Ká Gbà?

Bí oṣù May bá ti wọlé ní New York, títí di ìparí October, agbára káká ni Sátidé kan fi ń kọjá tí àwọn ènìyàn wa kò ní ṣe ìgbéyàwó ní Queens, ní Brooklyn, ní Bronx tàbí lápá Long Island. Gbọ̀ngàn la kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà aṣọ ẹbí, lẹ́yìn náà oúnjẹ. Kéèkì ló sábà máa ń kẹ́yìn, owó sì ti máa ń tán lọ́wọ́ kí ó tó kàn án. Ibẹ̀ ni ìpele dọ́mì ti ń wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: kéèkì onípele márùn-ún tàbí méje tí ẹ ń rí lórí tábìlì, tí ó ga tó ìyàwó fúnra rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ kéèkì. Oníkéèkì a ra fóòmù funfun tí wọ́n ti gé róbótó, tí gíga rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin. A fi fondant bò ó, a ṣe ọnà sí i lára bí ó ti ṣe sí lára ojúlówó, a sì tò wọ́n léra wọn. Nínú fọ́tò, kò sí ẹni tó lè mọ èwo ni kéèkì, èwo ni fóòmù. Fóòmù yẹn ni wọ́n ń pè ní dọ́mì.

Ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì kò ju báyìí lọ. Oníkéèkì á ní, “Mọ́mì, ìpele tó wà nísàlẹ̀ pátápátá àti ìkẹta máa jẹ́ dọ́mì o.” Ìyá ìyàwó á dáhùn pé, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Nígbà tó jẹ́ fóòmù ni, o ò kúkú ní gbowó lórí ìyẹn?” “Ẹ jọ̀ọ́ mà, a máa gbowó lórí ẹ̀, kàn máa dín díẹ̀ ni.” “Owó kí ni? Ṣé a máa jẹ fóòmù ni?” Láti ibẹ̀, inú kò ní dùn mọ́. Oníkéèkì á gbà fún un nítorí ojú àti nítorí ẹgbẹ́, á ṣe é ní àdánù, á sì máa kùn lábẹ́lẹ̀. Tàbí kí ìyá ìyàwó san gbogbo owó tí wọ́n dá lé e, kí ó sì máa sọ ọ́ kiri ìpàdé pé lágbájá gba owó kéèkì lórí fóòmù.

A ti jókòó ti àwọn oníkéèkì díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, a sì ti gbọ́ tẹnu àwọn òbí náà. Ohun tí a rí ni pé kò sí iye kan pàtó tí a lè gé lé dọ́mì, bíi “ìdajì” tàbí “ìdá mẹ́ta,” kí ó sì bá gbogbo kéèkì mu. Iṣẹ́ ọwọ́ ni olóde ń rà nínú dọ́mì. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá pọ̀, owó dọ́mì á sún mọ́ owó kéèkì gidi. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá kéré, ó yẹ kí owó náà wálẹ̀ gan-an, oníkéèkì tí kò bá sì jẹ́ kó wálẹ̀ ń rẹ́ni jẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ìpele kan tó jẹ́ 12 ínǹṣì ní fífẹ̀. Àpẹẹrẹ ni iye owó tí a ó lò níhìn-ín. Kí oníkéèkì kọ̀ọ̀kan fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká sọ pé ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti ohun tí wọ́n fi sáàárín rẹ̀ jẹ́ $38. Pípò ó, yíyan án, gígé e àti fífi icing dì í kí ó tó gba fondant, wákàtí méjì. Oníkéèkì yìí gbé owó iṣẹ́ ara rẹ̀ lé $25 fún wákàtí kan, ó di $50. Fondant tó ń bo ìpele 12 ínǹṣì jẹ́ áúǹsì 48, ìyẹn páùn mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdíwọ̀n Wilton tí ọ̀pọ̀ oníkéèkì ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà. Bí páùn kan bá jẹ́ $4, ó di $12. Bíbò ó, dídán an, àti òdòdó tí a fi ọwọ́ ṣe sí i lára gba wákàtí mẹ́rin: $100. Pátákó abẹ́ rẹ̀ àti ọ̀pá tó ń gbé ìpele ró jẹ́ $6. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di $206, kò sì tíì sí èrè níbẹ̀, kò sí iná, kò sí gáàsì, kò sí owó ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé $25 ti pọ̀ jù. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní New York City di $17 fún wákàtí kan láti January 2026. Ẹni tí wọ́n gbà sí ilé oúnjẹ lánàá láti máa fọ abọ́, iye yẹn ni ó kéré tán. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí a ti ń ṣe òdòdó ṣúgà kò lè máa gba iye kan náà.

Ó wá ku dọ́mì. Fóòmù 12 ínǹṣì, ká pè é ní $14. Àwọn tí kò ṣe é rí rò pé ń ṣe ni wọ́n kàn ń da fondant lé e lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Etí fóòmù mú, bí a kò bá fi pépà oníyanrìn ha á kó rọ̀, á gé fondant já. Fóòmù fúyẹ́, á máa yọ̀ lọ lábẹ́ ọwọ́ bí a kò bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó dáadáa. Kò sì ní icing lára, nítorí náà a ní láti fi omi díẹ̀ tàbí ọ̀rá pa á lára kí fondant tó lè mú un. Ìdajì wákàtí ni ká kà á sí: $12.50. Fondant kò yí padà, $12. Wákàtí mẹ́rin tí a fi ṣe ọnà kò yí padà, $100. Pátákó àti ọ̀pá, $6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $144.50.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ $61.50. Dọ́mì gba nǹkan bí $70 nínú $100 tí kéèkì gidi ń gba. Ìyá ìyàwó tó ní kí wọ́n ṣe é ní ọ̀fẹ́ ń ní kí oníkéèkì san $144.50 láti inú àpò ara rẹ̀ fún ọ̀ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ yọ òdòdó kúrò. Ká sọ pé ìpele náà funfun báláú, rìbọ́ọ̀nù kan péré ló yí i ká, tí bíbò àti dídán rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan: $25. Kéèkì gidi á jẹ́ $131, dọ́mì á jẹ́ $69.50. Ó ti sún mọ́ ìdajì báyìí. Fóòmù kan náà ni o, 12 ínǹṣì kan náà, oníkéèkì kan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rẹ́ méjì fi lè pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀kan ní ìdajì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun, kí èkejì ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí àwọn méjèèjì sì rò pé ẹnì kan nínú wọn ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ lórí kéèkì ń tà ní ìlú yìí, kí ó béèrè nípa Sylvia Weinstock, ọmọ New York tó kú ní November 2021 ní ẹni ọdún 91. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó ti tó nǹkan bí ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó sọ kéèkì di iṣẹ́. Òdòdó ṣúgà ló sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ní ewé kọ̀ọ̀kan títí á fi dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Kì í ṣe ìyẹ̀fun ni àwọn olówó ń sanwó fún lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tiwa náà ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo kéèkì ìdána tí wọ́n ń ṣe ní àwòrán ìlù dùndún, tàbí gèlè àti fìlà, tàbí agbè ẹmu, tí ọsán tí wọ́n so mọ́ ìlù náà pé ní kíkà. Irú èyí, fóòmù ló sábà máa ń wà nínú apá tó pọ̀ jù lára rẹ̀, nítorí kéèkì gidi kò lè dúró ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn oníkéèkì wa kì í fẹ́ sọ fún oníbàárà, a ó sì sọ ọ́. Dọ́mì ń ṣe oore fún oníkéèkì pẹ̀lú. Kéèkì gidi kò ṣeé yan ṣáájú ọjọ́ mélòó kan kí òde tó pé, gbogbo wàhálà rẹ̀ ló máa ń já sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Dọ́mì kì í bàjẹ́. A lè fi fondant bò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, ká fi aṣọ bò ó kúrò lọ́wọ́ eruku àti oòrùn. Kò gba àyè nínú fìríìjì. Oníkéèkì tó ní òde méjì ní Sátidé kan lè gbà wọ́n méjèèjì nítorí dọ́mì. Èyí ní iye nínú, ó sì tọ́ kí oníbàárà jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìṣirò wa òkè yẹn, bí oníkéèkì bá ní èrè 30% lórí kéèkì gidi, a rò pé ó lè mú 20% lórí dọ́mì kí ọwọ́ rẹ̀ má sì gbẹ.

Nípa ẹyin ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí àìsàn adìyẹ pa ọ̀pọ̀ adìyẹ ní Amẹ́ríkà, owó ẹyin méjìlá gùn dé $6.23 ní March ọdún náà, kò sí irú rẹ̀ rí, lẹ́yìn náà ló tó wálẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kéèkì gidi á wọ́n, dọ́mì á dúró síbi tó wà. Olóde tó bá gbọ́ pé ọjà ti gùn lè yí ìpele kan padà sí dọ́mì. Àmọ́ kí ó mọ̀ pé owó ẹyin kò ju díẹ̀ lọ nínú $206 yẹn.

Apá tí a fẹ́ kí àwọn òbí ká dáadáa nìyí. Ọ̀pọ̀ gbà pé dọ́mì ń dín owó kù. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, rárá o. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ iye ènìyàn tí ẹ pè.

Gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ̀n Wilton tí a dárúkọ, kéèkì róbótó tó ga ní ínǹṣì mẹ́rin, bí a bá gé e bíi ti ìgbéyàwó, 8 ínǹṣì ń fún ènìyàn 24, 10 ínǹṣì 38, 12 ínǹṣì 56, 14 ínǹṣì 78, 16 ínǹṣì 100. Kéèkì onípele márùn-ún tó ní gbogbo wọn á bọ́ ènìyàn 296. Ègé tí wọ́n fi ń ka iye yìí kéré o, ínǹṣì kan sí ínǹṣì méjì ni. Ẹni tó fẹ́ dì í lọ fún àwọn ọmọ tó fi sílé kò ní mú ẹyọ kan, a mọ ara wa.

Ẹ gbà pé àlejò 250 ni ẹ ń retí. Ẹ wá sọ 16 ínǹṣì àti 12 ínǹṣì di dọ́mì. Ó ku 14, 10 àti 8, ìyẹn ègé 140. Kò tó. Oníkéèkì á wá yan kéèkì pẹlẹbẹ kan tí yóò wà ní ilé ìdáná, 12 ínǹṣì sí 18 ínǹṣì, onípele méjì tí a lẹ̀ pọ̀, tí kò ní ọnà kankan lára, tí wọ́n á gé síbẹ̀ gbé jáde. Ègé 108 ló wà nínú irú rẹ̀. 140 pẹ̀lú 108 jẹ́ 248, ó tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó. Lórí 12 ínǹṣì, ẹ fi $61.50 pamọ́. Lórí 16 ínǹṣì, bí a bá ṣírò rẹ̀ lọ́nà kan náà, ẹ fi nǹkan bí $100 pamọ́. Kéèkì pẹlẹbẹ náà ká sọ pé ó gba $70 fún èròjà àti wákàtí méjì àbọ̀ fún iṣẹ́, ó di $132.50. Nínú $161.50 tí ẹ rò pé ẹ ti fi pamọ́, $29 ló kù lọ́wọ́ yín. Owó páákì mọ́tò lásán ni.

Bí ó bá jẹ́ àlejò 120 ni ẹ pè (a mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín), ọ̀rọ̀ yí padà. 14 àti 10 nìkan ni kéèkì gidi, wọ́n á fún yín ní ègé 116. 16, 12 àti 8 á jẹ́ dọ́mì. Kò sí kéèkì pẹlẹbẹ kankan lẹ́yìn. Nǹkan bí $190 ni ẹ ó fi pamọ́, kéèkì náà á sì ga bákan náà, kò ní sí àjẹkù tí wọ́n á dà nù ní Ọjọ́ Ajé.

Nítorí náà, gíga ni dọ́mì wà fún. Ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kò pọ̀ tó bí kéèkì tó wù ú ti ga tó, òun ni dọ́mì yẹ. Ẹni tí ènìyàn rẹ̀ pọ̀, tí owó rẹ̀ kéré, kí ó dín ìpele kù sí mẹ́ta gidi, kí ó fi kéèkì pẹlẹbẹ kún un, kí ó sì yọ òdòdó dànù. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Kò sí oníkéèkì kan tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún yín, nítorí orí ìpele márùn-ún ni fọ́tò tí ó ń fi polówó ti ń wá.

Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni dọ́mì, pé ọmọ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi fóòmù tan àlejò jẹ. A kò bá wọn jiyàn lórí ẹ̀rí ọkàn, àmọ́ kì í ṣe òde òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1858, nígbà tí ọmọbìnrin Ọbabìnrin Victoria lọ sílé ọkọ, ìpele ìsàlẹ̀ kéèkì wọn nìkan ni kéèkì. Ṣúgà lásán ni àwọn tó wà lókè. Ó di 1882, ní ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Leopold, kí wọ́n tó ṣe èyí tí gbogbo ìpele rẹ̀ jẹ́ jíjẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de fífi ṣúgà ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara kéèkì. Ohun tí àwọn oníkéèkì ṣe ni pé wọ́n fi páálí tàbí ẹfun ṣe kéèkì ìgbéyàwó gíga, wọ́n ń yá àwọn ìyàwó lò, wọ́n á gbé kéèkì kékeré kan sínú rẹ̀. Wọ́n á gbé páálí kúrò, wọ́n á gé kékeré náà, páálí á padà sí ṣọ́ọ̀bù fún ìyàwó tó kàn. Ní Japan, ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ilé ìgbéyàwó ń lo kéèkì gíga tí kò ṣeé jẹ, tí wọ́n ti lu ihò tóóró sí ibì kan lára rẹ̀ kí tọkọtaya lè ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ fún fọ́tò.

Ẹ̀tàn wà níbì kan ṣá. Bí oníkéèkì bá ta ìpele márùn-ún fún ènìyàn, tí kò sọ pé méjì jẹ́ fóòmù, tí ó gba owó márùn-ún gidi, olè ni. A ti gbọ́ irú rẹ̀ lápá ibí yìí, orí tábìlì ni wọ́n ti mọ̀, nígbà tí ọ̀bẹ dún lára fóòmù, tí kéèkì kò sì kárí tábìlì tó wà lẹ́yìn. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń sanwó gbọ́dọ̀ mọ̀. Àlejò kò pọn dandan kó mọ̀.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ìgbà ogun yẹn fi ọ̀nà kan hàn wá tí àwọn oníkéèkì wa kò tíì lò tó: yíyá ni lò. Dọ́mì tí a fi royal icing ṣe máa ń le bí òkúta, bí a bá tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, á lọ òde mẹ́wàá. Oníkéèkì tó ní irú rẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀, funfun, aláwọ̀ wúrà àti aláwọ̀ eyín erin, lè fi wọ́n yáni ní owó tí kò tó ìlàjì ti titun, kí ó sì jèrè jù. Wákàtí mẹ́rin òdòdó yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe é. Kí ó sọ fún oníbàárà pé a ti lò ó rí, kí ó sì gba owó ìdógò, nítorí àwọn ọmọdé máa ń fi ìka tọ́ ọ, àwọn ìyá kan sì máa ń gbé e lọ sílé pẹ̀lú ìgboyà pé kéèkì ni. Rìbọ́ọ̀nù ni kí a máa yí padà láti bá aṣọ ẹbí mu.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí kíyè sí owó orí ọjà. Ní New York, kéèkì tí ẹ rà gbé lọ sílé kì í sábà ní owó orí ọjà lórí, àmọ́ ohun tí a yáni lò fún owó ní, 8.875% sì ni ní New York City. Bí rìsíìtì bá kó kéèkì àti ohun tí a yáni lò pọ̀ sí ojú kan, ó lè di wàhálà nígbà tí ìjọba bá béèrè. Ẹ pín wọn sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi han ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé owó orí. Níwọ̀n bí a sì ti wà lẹ́nu ìwé: ẹni tó ń yan kéèkì tà láti ilé ìdáná ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti ọjà ti ìpínlẹ̀, ìyẹn Department of Agriculture and Markets. Ìwọ̀nba ohun tí kò nílò fìríìjì ni wọ́n gbà láàyè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ó mọ irú icing tí òun ń lò. Ìpele dọ́mì kò sí lára ohun jíjẹ ní tirẹ̀.

Ẹnì kan bi wá léèrè bóyá òfin tó gbógun ti fóòmù ní ìlú yìí kò ní mú oníkéèkì. Òfin New York City tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2019, tí wọ́n ń bu owó ìtanràn fúnni lórí rẹ̀ láti July ọdún náà, ife, àwo àti abọ́ oúnjẹ tí a ń lò sọnù ló dá lé, àti fóòmù wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó sínú páálí ẹrù. Ṣùgbọ́n fóòmù kò sí lára ohun tí àwọn agbálẹ̀ ìlú ń kó lọ tún lò, inú ìdọ̀tí lásán ló ń lọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí yíyá ni lò fi dára ju kí a jù ú nù lọ.

Ó ku gbígbé e lọ. Dọ́mì 16 ínǹṣì gba àyè kan náà nínú mọ́tò bíi ti kéèkì, epo kan náà ló ń jẹ. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ọkọ̀ òwò, kò gbọdọ̀ gba Belt Parkway, ojú pópó lásán lẹ ó gbà láti Canarsie dé Long Island, iná dúró lẹ́yìn iná dúró, kòtò lẹ́yìn kòtò. Níbẹ̀ ni oníkéèkì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dọ́mì, nítorí kéèkì tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ fóòmù kò wúwo, ènìyàn méjì á gbé e gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Ooru July kò sì lè yọ́ fóòmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fondant orí rẹ̀ á làágùn bíi ti àwọn yòókù. Kí owó gbígbé jẹ́ ìlà kan lọ́tọ̀ lórí ìwé owó, kí ẹnikẹ́ni má fi dọ́mì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gé e.

Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, oníkéèkì àti olóde: ìpele mélòó ni gidi, mélòó ni dọ́mì, èwo ni èwo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, iye owó ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ègé mélòó ni yóò jáde, kéèkì pẹlẹbẹ wà tàbí kò sí. Ẹ kọ ẹni tó ni fóòmù lẹ́yìn òde. Bí ó bá jẹ́ ti oníkéèkì, ẹ kọ ọjọ́ tí yóò padà àti ẹni tí yóò dá a padà, nítorí ìyàwó àti ọkọ á ti wà nínú bàálù lọ Cancún.

Ẹ sì fi ohun kékeré kan ṣe àmì sí ìpele tí tọkọtaya máa gé, ewé kan tàbí rìbọ́ọ̀nù, sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí àlejò kò ti ní rí i. Ẹ fi han olùdarí ètò kí ó tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nígbà tí wọ́n bá ń ka J-E-S-U-S lẹ́tà lẹ́tà, tí gbogbo gbọ̀ngàn ń dáhùn, tí kámẹ́rà mẹ́ta dojú kọ ọ̀bẹ, kì í ṣe ìgbà yẹn ni ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí kéèkì wà.